Ahọ́n Ilé Onípákó

Ní ilé Onípákó ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọn kì í wo ojú ọ̀run kí wọ́n tó mọ irú omi tó ń bọ̀. Ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Gọ́tà ńlá kan ló sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn Jankárá, tó gba àárín àdúgbò wọn kọjá, tó wá já sínú ọ̀sà lẹ́yìn ilé wọn gan-an. Níbi tó ti já sínú ọ̀sà ni àwọn bàbá ńlá wọn ti fi òkúta mọ ẹnu rẹ̀, tí wọ́n sì ki pákó ìrókò kan tó nípọn sáàárín òkúta náà bí ẹni ki ilẹ̀kùn bọ ojú ọ̀nà. Nígbà tí òkun bá kún, á ti omi ọ̀sà wá sẹ́yìn, ọ̀sà á sì fẹ́ gba inú gọ́tà wọ ilé onílé. Nígbà náà ni wọn á sọ pákó kalẹ̀. Nígbà tí òjò bá sì rọ̀, tí àgbàrá ń wá ọ̀nà lọ sínú ọ̀sà, wọn á gbé pákó sókè. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tó yẹ kí wọ́n ṣe? Ẹni tí ìtọ́jú pákó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ti ìka bọ omi gọ́tà, á fi kan ahọ́n. Bó bá níyọ̀, òkun ni. Bí kò bá níyọ̀, òjò ni.

Àwọn ará òkè àdúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́ gọ́tà wò, ìgbà wo lẹ máa fi omi ẹ̀ jẹ ẹ̀bà?" Ṣùgbọ́n tí ọ̀sà bá ru, àwọn kan náà ló ń sáré wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ahọ́n wí?"

Lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, Àsíátù ni ìtọ́jú pákó bọ́ sí lọ́wọ́. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ń ta àdìrẹ ní Jankárá. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Abdulafeez, tó ń tún ẹ̀rọ AC ṣe kiri Ìkòyí, ni wọ́n jọ ń gbé ilé náà pẹ̀lú ìyá wọn, Àlájà Hàlímọ̀. Àlájà kò lè rìn mọ́. Àìsàn ti pa apá kan ara rẹ̀, ojú rẹ̀ náà ti ń ṣe bàìbàì. Yàrá ìsàlẹ̀ ló ń sùn, yàrá ìsàlẹ̀ yìí ló sì ń kó ìdààmú bá Àsíátù, nítorí pé nígbà tí wọ́n tún títì ṣe, wọ́n da sìmẹ́ńtì lé e títí ó fi ga ju ilé lọ. Ẹni tó bá gba iwájú wọ ilé Onípákó, ńṣe ló ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń wọ ihò. Bí omi bá wọlé, ọ̀dọ̀ Àlájà ló máa kọ́kọ́ dé.

Lọ́jọ́ tí a ń wí yìí, òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kí ìrun Àṣùbá tán. Kì í ṣe òjò tó ń sinmi. Ó ń lu páànù bí ẹni tí wọ́n rán wá gba nǹkan padà. Àsíátù ti fi ìka kan omi gọ́tà, omi náà tẹ́ bí omi ẹ̀rọ, ó sì ti gbé pákó sókè. Bó ṣe ń nu ẹsẹ̀ ni fóònù rẹ̀ dún. Ihsan ọmọ rẹ̀ ni, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìkòyí.

"Mọ́mì, ẹ gbé Àlájà gòkè o. Wọ́n ní òkun máa kún lónìí, òjò ò sì ní dá. Wọ́n ní bí méjèèjì bá pàdé, omi ò ní ríbi lọ."

"Wọ́n ti ń wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Pákó wà níbẹ̀."

"Mọ́mì, pákó kì í ṣe Ọlọ́hun."

"Ìwọ náà kì í ṣe Ọlọ́hun. Lọ ṣiṣẹ́ ẹ."

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò jẹ́ kó fara balẹ̀. Ó pe Abdulafeez, àwọn méjèèjì wọ yàrá ìyá wọn láti gbé e lọ sókè. Àlájà kọ̀ jálẹ̀. Sàréè ọkọ rẹ̀ wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, nítorí pé inú ilé ni ìdílé wọn ń sin àgbà sí.

"Ẹ fẹ́ gbé mi gòkè kí n fi bàbá yín sílẹ̀ fún omi?"

"Màmá, bàbá ti kú," Abdulafeez dáhùn.

"Àkànní, mo mọ̀ pé ó ti kú. Èmi ni mò ń sùn tì í, kì í ṣe ìwọ."

Àkànní ni oríkì Abdulafeez. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé èjìká sókè. Àsíátù kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣì ń gbọ́ràn lára ìyá rẹ̀ mú.

"Ó dáa, Màmá. Omi ò ní wọ ibí. Mo wà nídìí pákó. Omi tó bá máa kàn yín lára, á kọ́kọ́ gba orí mi kọjá ná."

"Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ," ni Àlájà wí, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ìlérí yìí ló gbé Àsíátù lọ sẹ́yìn ilé, tó sì jókòó sórí òkúta ẹnu gọ́tà pẹ̀lú ọ̀rá lórí bí ìborùn. Ó ń wo ọ̀sà. Ibi tí ó ti rò pé ọ̀tá máa gbà wá ló kọjú sí.

Lẹ́yìn ìrun Àìlá, omi gọ́tà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ó ti ń sáré láti àárọ̀, ó ń gbé ọ̀rá àti ike àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sínú ọ̀sà, ṣùgbọ́n lójijì, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan dúró sójú kan, ó ń yí po bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ọ̀sà ti ga. Àsíátù sún mọ́ etí omi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ omi, ó fi kan ahọ́n.

Iyọ̀.

Kì í ṣe iyọ̀ díẹ̀. Iyọ̀ tó ta á ní ahọ́n, tó jẹ́ kó tutọ́. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì tọ́ omi tó níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wò nínú gọ́tà yẹn.

"Abdulafeez!" ó figbe ta. "Òkun ti dé! Wá o!"

Abdulafeez sáré jáde tòun ti ṣọ́bìrì tó fi ń kó ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, sílípà pupa lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì fa okùn, wọ́n tú u, pákó sì wálẹ̀ gbàà! sáàárín òkúta. Àsíátù fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé òun kò sùn.

Ohun tí kò mọ̀ nìyí. Lókè àdúgbò, níbi tí gọ́tà ti ṣẹ̀ wá, Ṣàíbù oníyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀. Ìjẹ̀bú ni Ṣàíbù, iyọ̀ ló ń tà fún àwọn tó ń sọ ẹja àti ẹran di gbígbẹ. Àpò iyọ̀ rẹ̀ kún ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ dé àjà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àgbàrá ti wó ògiri ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí yẹn, iyọ̀ náà sì ń yọ́ bí yìnyín, ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ṣàíbù wà níbẹ̀, ó ń fi garawa bu iyọ̀ tó kù, ó ń sunkún, kò ráyè sọ fún ẹnì kankan.

Báyìí ni iyọ̀ ṣe ti òkè wá bá Àsíátù. Ká ní ó ti wo bí omi ṣe ń rìn ni, ì bá rí i pé kò tíì yí padà, pé ó kàn lọ́ra ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n ni ilé wọn gbẹ́kẹ̀ lé. Ahọ́n kò sì purọ́ fún wọn rí.

Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀. Àgbàrá tó ń bọ̀ láti Jankárá kò ríbi lọ mọ́. Ó yí padà, ó gun orí títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé. Kàmọ́rù ajórin, tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́bàá gọ́tà, gbé ọmọ rẹ̀ Qaanitah sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Khairiyyah ìyàwó rẹ̀ dúró nínú omi tó mù ún dé ìbàdí, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ó ń ké pe Ọlọ́hun. Kàmọ́rù wo omi, ó wo ọmọ, ó fa ọ̀pá irin kan yọ nínú irin iṣẹ́ rẹ̀.

"Àwọn Onípákó ti sé e," ó wí. "Wọ́n ti sé e mọ́ wa lórí."

Nígbà tí wọ́n gba kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé yọ sí ẹ̀yìn, wọ́n pọ̀. Kàmọ́rù ló ṣáájú, Jímọ̀ bíríkìlà sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú hámà ńlá tó fi ń fọ́ ògiri. Àwọn yòókù mú igi dání, ẹlòmíì mú ìgò.

"Ìyá Ihsan, ẹ gbé pákó yẹn sókè!"

Àsíátù dìde. Ọmọ odó tó fi ń ti pákó mọ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kàmọ́rù, fara balẹ̀. Òkun ló ń bọ̀. Bí mo bá gbé e, gbogbo wa ló máa lọ."

"Òkun wo? Òjò ló ń rọ̀ lé wa lórí yìí!"

"Mo tọ́ ọ wò."

"Ẹ tọ́ ọ wò! Ọmọ mi wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀ ń sọ pé ẹ tọ́ ọ wò!"

"Ìyá mi wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ níbí, Kàmọ́rù. Ìyá tó wẹ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bí ọ. Ṣé kí n ṣí òkun lé e lórí ni?"

Ojú Kàmọ́rù rọ̀ díẹ̀. Lóòótọ́ ni, Àlájà Hàlímọ̀ ló máa ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo àdúgbò nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá. Bóyá ọ̀rọ̀ ì bá tutù níbẹ̀. Jímọ̀ ni kò jẹ́ kó tutù.

"Ilé tí ọbẹ̀ wọn ò níyọ̀ rí," Jímọ̀ wí, "inú gọ́tà ni wọ́n ti wá ń wá iyọ̀. Ẹ yà fún mi jàre."

"Jímọ̀, ẹnu ẹ máa pa ẹ́ lónìí," ni Abdulafeez dáhùn.

"Ta ló máa pa mí? Ìwọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí àwọn ìyàwó olówó lára?"

Jímọ̀ gbé hámà sókè, ó fi lu pákó. Pákó kérora, ó là ní etí kan. Kó tó tún gbé e, Abdulafeez ti fi ẹ̀gbẹ́ ṣọ́bìrì gbá a lọ́rùn ọwọ́. Egungun dún bí igi gbígbẹ. Hámà bọ́ sínú gọ́tà, Jímọ̀ sì ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń dúńbú.

Ìgbà yẹn ni ìjà bú jáde. Wọ́n ya lu Abdulafeez bí eṣinṣin ṣe ń bo ẹran. Igi bà á léjìká, ó yí, ó na ẹnì kan ní orúnkún, ẹni náà wó lulẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹnì kan fi ìgò ya á ní etí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn sí i lọ́rùn, òjò ń fọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ tún ń jáde. Kò wó. Àwọn ènìyàn tó jọ ń jẹun ìṣínu lóṣù Ràmádáànì, tí wọ́n ń yá ara wọn ní àkàbà, ń lu ara wọn bí ẹni tó rí ejò nínú ilé. Àsíátù náà ò dúró. Ọmọ odó rẹ̀ ba ẹnì kan lágbárí, ó ba ẹlòmíì léyín. Ó rí eyín tó já bọ́ sórí òkúta, kò mọ ti ta ni.

"Omi ò ní kọjá!" ó ń pariwo. "Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí mo bá kú!"

Kàmọ́rù kò fẹ́ lu àgbà obìnrin. Ó di ọmọ odó mú, ó ń fà á. Àsíátù kò fi sílẹ̀. Nígbà tí agbára rẹ̀ kò tó mọ́, ó ki eyín bọ apá Kàmọ́rù, ó gé e jẹ, títí ẹ̀jẹ̀ fi kún un lẹ́nu. Kàmọ́rù kígbe, ó sì fi gbogbo ara tì í dànù. Àsíátù fò ré kọjá lórí pákó, ó sì bọ́ sódì kejì, sínú ọ̀sà.

Omi bò ó lórí. Ó mu ún. Ó fẹ́ kígbe, ó tún mu ún. Kẹrosíìnì wà nínú omi náà, ìdọ̀tí tòmátì wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ pàápàá ti ṣàn dànù. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ó gbá òkúta mú, ó gbé orí sókè, ó tún mọ̀ọ́mọ̀ bu omi ọ̀sà mu lọ́tẹ̀ yìí. Ó tẹ́. Ó tẹ́ bí omi òjò tí wọ́n gbè sínú ìkòkò. Òjò ti kún inú ọ̀sà débi pé kò níyọ̀ kankan lẹ́nu. Òkun kò tíì dé. Omi tó níyọ̀ wà lẹ́yìn pákó, ní ìhà ilé. Òkè ló ti wá. Òun sì ti sé e mọ́ ilé.

Òye là á lójú. Omi tí kò ríbi lọ lẹ́yìn ilé, iwájú ilé ló máa gbà wọlé. Láti orí títì tó ga. Sínú yàrá ìsàlẹ̀.

"Òjò ni!" ó pariwo látinú omi. "Abdulafeez, òjò ni! Màmá! Màmá wà nínú omi!"

Abdulafeez gbọ́ "Màmá". Ó sọ ṣọ́bìrì nù, ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn tó dì í mú, ó sì sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé. Sílípà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, kò wẹ̀yìn wò.

"Àdá ló fẹ́ lọ mú o!" ẹnì kan pariwo. "Ẹ dá a dúró, àdá wà nínú ilé!"

Kàmọ́rù sáré tẹ̀ lé e. Apá rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e jẹ, Qaanitah ń bẹ lójú rẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì ro nǹkan míì ju pé kí ọwọ́ ọkùnrin yìí má ba àdá. Bí Abdulafeez ṣe gbé ẹsẹ̀ kan lé ìloro, Kàmọ́rù fi ọ̀pá irin gbá a ní ìpàkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Abdulafeez ò ké. Ó ṣubú síwájú, àyà rẹ̀ bá orí sàréè bàbá rẹ̀, omi inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì bò ó lójú.

Kàmọ́rù gbé ọ̀pá sókè láti tún un ṣe. Ìgbà náà ló wo iwájú. Kò rí àdá kankan. Omi ló rí, tó ń dà sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà iwájú, tó ń bọ́ láti orí títì bí ìgbà tí wọ́n dojú àmù dé. Láti inú yàrá tó wà lápá ọ̀tún ni ohùn kan ti jáde, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti rẹ̀.

"Àkànní? Ṣé ìwọ nìyẹn? Omi ti dé ọrùn mi."

Ọ̀pá irin bọ́ lọ́wọ́ Kàmọ́rù. Ó dojú Abdulafeez sókè, ó gbé orí rẹ̀ lé orí òkúta sàréè kí omi má baà dé imú rẹ̀, ṣùgbọ́n orí náà rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí orí adìyẹ, ojú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Kàmọ́rù wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀dì ti léfòó, ó ń lu ògiri. Àlájà fi ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo rọ̀ mọ́ fèrèsé, àgbọ̀n rẹ̀ lórí omi. Kàmọ́rù la omi kọjá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó gbé e gba orí àtẹ̀gùn lọ sókè.

"O ṣeun, Àkànní," Àlájà ń wí lẹ́bàá etí rẹ̀. "Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí o ṣe àṣedànù. Kí ló dé tí àyà rẹ ń lù kì-kì-kì báyìí?"

Lẹ́yìn ilé, Àsíátù ti gun òkúta jáde. "Ẹ gbé e!" ó ń wí fún àwọn tó fẹ́ pa á ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ bá mi gbé e, omi ti tẹ̀ ẹ́!" Wọ́n yí okùn mọ́ ọwọ́, wọ́n fà, iṣan ọrùn wọn yọ bí gbòǹgbò igi. Jímọ̀ pàápàá fi ọwọ́ kan fà. Pákó kọ̀, ó kọ̀, ó wá ta kúrò lójijì, omi sì bú jáde bí màlúù tó já okùn. Ó gbé agbọ̀n lọ, ó gbé ìjókòó lọ, ó gbé ewúrẹ́ kan tó ti kú lọ sínú ọ̀sà.

Ìgbà náà ni Ṣàíbù oníyọ̀ yọ láti kọ̀rọ̀, aṣọ rẹ̀ funfun fún iyọ̀ dé ìgbáròkó, ọwọ́ lórí.

"Iyọ̀ mi!" ó ń ké. "Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe! Ògiri ti wó láti àárọ̀, gbogbo iyọ̀ mi ti bá gọ́tà lọ!"

Gbogbo ojú yí sí Àsíátù. Àsíátù wo Ṣàíbù, ó wo omi gọ́tà tó ń ṣàn, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni fẹ́ dì í mú kó má sá lọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ilé. Ó pe àbúrò rẹ̀. Ó tún un pè.

Ó bá a níbi tí Kàmọ́rù gbé e sí. Ó gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan ìpàkọ́ Abdulafeez, ibẹ̀ sì rọ̀ níbi tí kò yẹ kó rọ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e dúró sẹ́yìn. "Ìnná lìlláhì," ẹnì kan wí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀pá irin ajórin wà nílẹ̀ lẹ́bàá ibẹ̀, ẹni gbogbo sì mọ̀ ọ́n.

Àsíátù kò sunkún. Ó tẹ́ àbúrò rẹ̀ síbẹ̀, ó mú ọ̀pá irin náà, ó gun àtẹ̀gùn. Kò sáré. Àtẹ̀gùn ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀, pé kí òun fọ́ orí náà bí wọ́n ṣe fọ́ ti àbúrò òun.

Nígbà tó ti ilẹ̀kùn yàrá òkè, Kàmọ́rù wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ilẹ̀kùn. Àlájà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fi àtàǹpàkò ra á. Kàmọ́rù gbọ́ ẹsẹ̀, kò yíjú. Ó kàn tẹ orí ba, ó dúró de ọ̀pá.

"Àsíátù ni?" Àlájà béèrè. "Wá wo àbúrò rẹ. Mo rò pé mo ti kú. Omi ti ń wọ̀ mí lẹ́nu, iyọ̀ ló kún inú rẹ̀. Òun ló pọ̀n mí."

Àsíátù gbé ọ̀pá irin sókè. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Ìyá rẹ̀ kò tú ọwọ́ ọkùnrin náà sílẹ̀. Àsíátù sọ ọ̀pá kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, kó má baà dún.

"Sọ̀kalẹ̀," ó wí sí Kàmọ́rù létí kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́. "Ìwọ ò ní sá. Bí títì bá ti gbẹ, wọn á wá mú ẹ."

"Mi ò sá, ẹ̀gbọ́n."

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n."

Ìrun Àlàásárì ti kọjá, òjò kò dá. Wọ́n gbé Abdulafeez sórí tábìlì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi àdìrẹ bò ó. Ìgbà náà ni Jímọ̀, tó so ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn, sáré wọlé láti ẹ̀yìn.

"Ìyá Ihsan, omi tún ti dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tọ́ ọ wò."

Òun tó fi ahọ́n wọn ṣẹ̀fẹ̀ ni. Àsíátù tẹ̀ lé e jáde, àwọn ènìyàn sì yà fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu gọ́tà. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ ti gbẹ sí ìka rẹ̀. Ó ti ìka náà bọ omi, ó fi kan ahọ́n, ó sì pẹ́ kó tó gbé orí sókè.

"Iyọ̀ ni," ó wí. "Ṣùgbọ́n iyọ̀ ta ni?"

Sílípà pupa kan wà níbẹ̀ nínú ẹrẹ̀, níbi tó ti bọ́ lẹ́sẹ̀ Abdulafeez. Àsíátù mú un, ó fi omi ṣan ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó sì jù ú síwájú pákó, sórí ọ̀sà. Gbogbo wọn ń wò ó. Sílípà náà dúró. Ó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, díẹ̀díẹ̀, ó gba ẹnu òkúta wọlé, ó gba ẹsẹ̀ Àsíátù kọjá, ó ń bọ̀ wálé.

"Òkun ni," Àsíátù wí. "Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Pákó wálẹ̀. Omi òkun kọ lù ú, ó ń tú síta níbi tí hámà ti là á. Àsíátù tú ìborùn rẹ̀, ó fi dí ibẹ̀, kò tó. Kàmọ́rù sọ̀kalẹ̀ sínú gọ́tà, kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é, ó sì fi ẹ̀yìn ti ibi tó là náà. Omi ń lù ú lẹ́yìn, ó ń lù ú, ó di eyín mọ́ra.

Láti fèrèsé òkè, ohùn Àlájà jáde.

"Àkànní! Àkànní o! Níbo lo wà?"

Àwọn ènìyàn wo ilẹ̀. Òjò ń rọ̀ sí wọn lórí.

"Àkànní!"

Àsíátù kò wo òkè. Kàmọ́rù nínú gọ́tà ló ń wò.

"Dá a lóhùn," ó wí.

Kàmọ́rù mi orí. Omi ojú ń dà lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo pa ẹni tó yẹ kó dá a lóhùn. Ó ń pè ọ́. Dá a lóhùn."

Kàmọ́rù la ẹnu.

"Màmá," ó wí. "Mo wà níbí."